Gbọ̀rọ̀ sísè: ọwọ́ ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe orí iná

Ní Iléṣà níbí, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ tó bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, gbọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà. Ọ̀mùnú ẹlẹ́gẹ̀dẹ́ ni, orí ìtàkùn náà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nà lọ kó tó le. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n sè jẹ́jẹ́, kí wọ́n bù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu gbígbóná, kí gbogbo ilé sì jẹ ẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wá ẹran kiri nínú rẹ̀. Irú èyí ni mo fẹ́ kọ́ yín. Ọbẹ̀ ńlá tí a fi ń gba àlejò, tí ẹran àti ẹja kún inú rẹ̀, ọjọ́ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Mo fẹ́ràn gbọ̀rọ̀ tọkàntọkàn, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé e síwájú mi níbi ìnáwó tó ti dúdú, tí epo léfòó lórí rẹ̀, tí mo sì ń fa okùn jáde lẹ́nu bí ẹni tó jẹ aṣọ. Ẹni tó jókòó tì mí lọ́jọ́ kan sọ pé òun kì í jẹ gbọ̀rọ̀ mọ́ nítorí pé ó máa ń họ òun lọ́fun. Gbọ̀rọ̀ ò jẹ̀bi. Wọn ò bó o ni. Ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n fi gé e wẹ́wẹ́, wọ́n wá fi ìṣẹ́jú 40 sè é, wọ́n rò pé iná á mú kí okùn ara rẹ̀ rọ̀. Okùn yẹn kì í rọ̀. Ewé ló máa ń kú, okùn á wà níbẹ̀ digbí. Ẹ yí i padà: ẹ fi ìṣẹ́jú 40 bó o, kí ẹ má sì jẹ́ kó lò ju ìṣẹ́jú 7 lọ nínú ìkòkò.

Èwo gan-an ni gbọ̀rọ̀?

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó dàgbà sí Èkó máa ń fi ugu pe gbọ̀rọ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ewé ugu máa ń pín, ẹ ó rí ọmọ ewé 3 sí 5 lórí igi ewé kan. Ti gbọ̀rọ̀ kì í pín, ẹyọ kan gbàràgàdà ni, irun wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀ tó ń gún ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó rí àbàwọ́n funfun lẹ́bàá iṣan ewé náà bí ẹni pé ẹfun ta sí i. Kì í ṣe àrùn, bí irú ẹlẹ́gẹ̀dẹ́ kan ṣe rí nìyẹn. Ihò wà nínú ẹ̀ka rẹ̀ bí ẹ̀ka ewé ìbẹ́pẹ. Òdòdó rẹ̀ tóbi, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ìyeyè. Tí ẹ bá bá òdòdó náà lára ìdì tí ẹ rà, ẹ má dà á nù, ó ṣe é jẹ pẹ̀lú ewé.

Níbi tí ẹ ti ń rà á

Kùtùkùtù ni kí ẹ lọ. Ní Ọjà Atàkúnmọ̀sà, àwọn ìyá tó ń ti abúlé kó o wọlé máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí oòrùn tó mú, ìrì á ṣì wà lára rẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, á ti rọ, wọ́n á máa wọ́n omi sí i kó lè jí. Èyí tí omi jí dára fún ojú, àmọ́ adùn rẹ̀ ti lọ díẹ̀.

Ẹ má wo bí ìdì ṣe tóbi. Ẹ mú ẹ̀ka kan láàárín ìdì náà, kì í ṣe èyí tó wà lókè tí wọ́n fi ń ṣe ojú ọjà, kí ẹ sì tẹ ìdí rẹ̀. Tó bá ṣẹ́, tó dún “pàù” bí ilá tútù, ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Tó bá tẹ̀ tí kò ṣẹ́, ó ti gbó, okùn ló kù nínú rẹ̀. Àwọn ìyá náà kì í bínú tí ẹ bá kí wọn dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. “Ẹ kú ọjà o, ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n wo ìdí ẹ̀” ti tó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á tiẹ̀ bá yín ṣà á, wọ́n á sọ fún yín èyí tí wọ́n já láàárọ̀ àti èyí tó sùn. Òdú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko.

Ohun kan wà tí mi ò lè má sọ. Ẹlẹ́gẹ̀dẹ́ fẹ́ràn ààtàn, ibẹ̀ ni àwọn ìyá ìyá wa máa ń jù ú sí tí á fi so bẹẹrẹ. Ààtàn ìgbà náà, eérú àti èèpo iṣu ló wà níbẹ̀. Ààtàn ìlú lónìí, bátìrì, páànù ọ̀dà àti ike jíjó ló kún un, ohun tó wà nínú wọn sì lè gba ilẹ̀ wọ inú ewé. Tí ẹ bá ń já gbọ̀rọ̀ fúnra yín, ẹ já ti oko, ti ẹ̀yìnkùlé tó mọ́, tàbí ti àkùrọ̀. Àkùrọ̀ ló ń bọ́ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ti orí ilẹ̀ bá ti gbẹ.

Fún ènìyàn 4, ẹ ra ìdì 4 tó kún ọwọ́. Á pọ̀ lójú yín. Tí ẹ bá bó o tán, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ á ti lọ. Tó bá wọ iná, á tún súnkì. Ẹ má bẹ̀rù láti rà á.

Bíbó rẹ̀

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Ẹ wá ibi jókòó sí. Àpótí kékeré dára ju àga lọ, torí ẹ ó fẹ́ kí abọ́ wà níwájú ẹsẹ̀. Abọ́ méjì ni: ọ̀kan fún èyí tí ẹ ti bó, ọ̀kan fún okùn àti ewé tó ti pọ́n. Tí ara yín bá tètè máa ń yún, ẹ fi epo díẹ̀ pa ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bẹ ò wúlò níbẹ̀, èékánná ni.

Ẹ mú ẹ̀ka kan, kí ẹ fi ọwọ́ òsì dì í mú lápá òkè. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún ṣẹ́ ìdí rẹ̀ bí ẹni fẹ́ já a, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó já tán, kí awọ ẹ̀gbẹ́ kan ṣì so mọ́ ọn. Ẹ wá fa ìdí tí ẹ ṣẹ́ yẹn lọ sókè, jẹ́jẹ́. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan á máa tẹ̀lé e, ó fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, irun wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, á sì gùn títí dé ibi tí ewé ti yọ kó tó já. Ibi tó bó yẹn á tutù lọ́wọ́, á máa dán, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí inú kùkúmbà. Ẹ yí ẹ̀ka náà, kí ẹ tún ṣẹ́ díẹ̀, kí ẹ fà á ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀ka kan máa ń gbà tó ìfà 3 sí 5. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti tán tí ẹ bá fi ìka ra ara rẹ̀ tí ohunkóhun kò gún yín mọ́.

Tí ẹ bá fà á yára jù, okùn á já láàárín ọ̀nà. Tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ẹ má máa fi èékánná wá a kiri, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀, ẹ ó bá a pàdé.

Igi ewé, ìyẹn ẹsẹ̀ tí ewé fi dúró lára ẹ̀ka, ní okùn tirẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Ẹ ṣẹ́ ìdí rẹ̀ bákan náà, kí ẹ fà á lọ síhà ewé, kí ẹ má sì dúró tí ẹ bá dé etí ewé. Ẹ máa fà á lọ sí ẹ̀yìn ewé náà, iṣan ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á tẹ̀lé okùn jáde, ewé á rọ̀ lọ́wọ́ yín bí aṣọ tí a ti fọ̀ púpọ̀. Ewé tó bá ti fẹ̀ ju ọwọ́ lọ, tó le, ẹ sọ igi rẹ̀ nù kí ẹ mú ara ewé nìkan. Ewé kéékèèké tó wà ní ṣóńṣó orí kò nílò bíbó, ẹ kàn fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á kí irun rẹ̀ lè wọlẹ̀.

Ẹ ó tún rí àwọn ọwọ́ tín-ín-rín tó ń ká kò bí wáyà, èyí tí ìtàkùn náà fi ń di igi mú. Èyí tó ṣì rọ̀, ẹ jẹ́ kó wà. Èyí tó ti le, ẹ já a sọnù, kò sí iná tó lè rí i ṣe.

Mo rántí ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá mi jẹ́ kí n dá bó o, lẹ́yìn ilé wa ní Ìsọ̀kùn. Mo ń kánjú kí n lè lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣeré. Wọ́n wo abọ́ mi, wọn ò bínú. Wọ́n mú ẹ̀ka kan níbẹ̀, wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, rún un.” Mo rún un ní tútù, mo rún un títí, omi rẹ̀ tán, okùn kù lẹ́nu mi. Wọ́n ní, “Okùn ni a fi ń di ẹrù, a kì í kó o sínú ikùn. Tún un bó.” Mo tún gbogbo rẹ̀ bó, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí n tó parí. Títí dòní, tí mo bá ń kọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tí mo máa ń ní kó ṣe nìyẹn: mú ẹ̀ka kan nínú èyí tí o bó, rún un. Tí okùn bá kù lẹ́nu rẹ, iṣẹ́ ò tíì tán.

Èékánná yín á pọ́n rúsúrúsú, oje rẹ̀ ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ bá là, tí ẹ fi ra á, á mú un kúrò.

Fífọ̀ àti gígé

Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e. Tí ẹ bá gé e tán kí ẹ tó fọ̀ ọ́, omi á gba ojú ibi tí ẹ gé wọlé, fítámì C tó wà nínú rẹ̀ á sì bá omi yẹn lọ sínú gọ́tà. Omi 2 tàbí 3 ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, títí iyanrìn kò fi ní sí nísàlẹ̀ abọ́ mọ́. Ẹ la àwọn ẹ̀ka tó nípọn sí méjì, kòkòrò kékeré máa ń sá sínú ihò wọn.

Ẹ wá ya ẹ̀ka sọ́tọ̀ kúrò lára ewé. Ẹ gé ẹ̀ka bí oríkèé ìka kan. Ewé, ẹ kàn fi ọwọ́ ya á sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má gé ewé wẹ́wẹ́ lórí pákó ìgéfọ̀ọ́ bí ẹni ń gé ewúro. Gbọ̀rọ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ jù máa ń yọ omi, á sì di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀.

Lórí iná

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀. Àlùbọ́sà 1 tí kò tóbi jù, ata rodo 2 tàbí ṣọ̀mbọ̀ 2, irú wọ́ọ́rọ́ ṣíbí ìjẹun 1, epo pupa ṣíbí ìjẹun 2, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, omi ìdajì ife. Tí ẹja gbígbẹ bá wà nílé, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ yọ egungun rẹ̀, kí ẹ já a sí i. Tí kò bá sí, ẹ̀fọ́ yìí ò ní bínú.

Ìkòkò tó fẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ̀fọ́ lè tẹ́, kó má gun ara wọn. Ẹ gbé epo kaná, ẹ má jẹ́ kó funfun. Bí ooru rẹ̀ bá ti ń kan ọwọ́ yín lókè ìkòkò, ẹ da àlùbọ́sà sí i. Ìṣẹ́jú 1. Ẹ da irú sí i, ẹ rò ó pọ̀. Òórùn irú á yí padà lábẹ́ imú yín, èyí tó ń ta wáráwárá á lọ, èyí tó ń pe ènìyàn wá sílé ìdáná á dé. Ìgbà náà ni kí ẹ da ata tí ẹ ti gún sí i, kò gbọ́dọ̀ kúnná. Ìṣẹ́jú 2. Ẹ fi iyọ̀ àti ẹja sí i, kí ẹ da omi lé e, kí ẹ jẹ́ kó hó.

Tó bá ti ń hó gan-an, ẹ da ẹ̀ka sí i, kí ẹ fi ṣíbí yí i kó kan omi náà yíká. Ẹ̀ka nìkan, fún ìṣẹ́jú 3. Kí ẹ wá da ewé lé e lórí, kí ẹ rò ó pọ̀, ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 sí i.

Iná gbọ́dọ̀ pọ̀, kí ìkòkò sì wà ní ṣíṣí. Ẹ má fi ọmọrí dé e. Nǹkan kíkan díẹ̀ wà nínú gbogbo ewé, tí ooru máa ń lé jáde. Tí ẹ bá dé e, kíkan náà á já padà sínú ìkòkò, òun ló ń sọ ewé tútù di àwọ̀ ewé gbígbẹ. Àwọn kan máa ń fi kánún díẹ̀ sí i kí ó lè tutù lójú. Òótọ́ ni pé á tutù lójú, àmọ́ kánún máa ń pa fítámì C, á sì mú kí ẹ̀fọ́ náà yọ̀ bí ilá. Ìkòkò ṣíṣí àti iná tó pọ̀ ń ṣe iṣẹ́ yẹn láìpa ohunkóhun lára.

Ẹ mú ẹ̀ka kan tọ́ wò. Eyín gbọ́dọ̀ wọlé láìjà, kí ó sì tún dún díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó ti jinná. Ẹ gbé e kúrò lórí iná, kí ẹ sì bù ú sínú abọ́ tó fẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ooru ìkòkò á máa sè é lọ tí ẹ bá fi í síbẹ̀. Èyí ni ìdí tí mo fi máa ń se iṣu ṣáájú. Iṣu lè dúró de gbọ̀rọ̀, gbọ̀rọ̀ kò lè dúró de iṣu.

Iṣu sísè ni mo fẹ́ràn jù pẹ̀lú rẹ̀. Pẹ̀lú iyán náà, ó dára, pàápàá fún àwa Ìjẹ̀ṣà tí a kì í fi ọ̀rọ̀ iyán ṣeré, àmọ́ ẹ jẹ́ kó ní omi díẹ̀ sí i tó bá jẹ́ ti iyán, kí òkèlè lè rí nǹkan bọ́ sí.

Èyí tó tún rọrùn ju èyí lọ

Tí ẹ bá dé láti ibi iṣẹ́ tó ti rẹ̀ yín, tí gbọ̀rọ̀ bíbó ti wà nílé, ẹ gbé omi kaná kó hó, kí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ da ẹ̀ka sí i fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ fi ewé lé e fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ sẹ́ ẹ sínú ajọ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, kí ẹ wọ́n epo pupa tàbí òróró ṣíbí 1 sí i, pẹ̀lú àlùbọ́sà tútù tí ẹ gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ata gbígbẹ. Ó tán. Ìrẹsì funfun, ẹja yíyan, àti èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

Fún àwọn tó wà lókè òkun

Àbúrò mi obìnrin kan wà ní Jámánì, níbi tí kì í ti í rí gbọ̀rọ̀ rà. Lọ́dún kan ó pè mí lórí WhatsApp, ó gbé ìdì nǹkan kan sókè bí ọwọ̀ àwọn ọmọdé. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, asparagus rèé. Gbogbo ọjà ló gbà kan. Báwo ni kí n ṣe sè é?” Mo ní kó ṣẹ́ ọ̀kan wò. Ó ṣẹ́ ẹ, mo gbọ́ ọ láti ibí, pàù. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n gbọ̀rọ̀ ni o dì mú yẹn, ewé ni kò ní.”

Ọ̀mùnú lòun náà. Ìdí rẹ̀ máa ń wà nílẹ̀ fún ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́dọọdún á sì rú jáde. Àwọn ará Jámánì máa ń gé e láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin títí di ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, ọjọ́ àjọ̀dún Jòhánù Onítẹ̀bọmi, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ kí ìdí rẹ̀ lè sinmi. Funfun ni wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wà bò ó kí oòrùn má bàa rí i, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ní àwọ̀ ewé.

Èyí tó ní àwọ̀ ewé tútù ló rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ ìdí rẹ̀ títí á fi ṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ibi tó ti ṣẹ́ yẹn ni líle parí sí. Tí èyí tó kù bá nípọn, ẹ fi ọ̀bẹ bó apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ṣóńṣó orí rẹ̀ kò nílò bíbó. Omi híhó pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, ìṣẹ́jú 3 sí 5, ó ti tó. Tàbí kí ẹ yí i nínú páànù tó ní òróró díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 7 títí ara rẹ̀ á fi pọ́n díẹ̀díẹ̀. Funfun yàtọ̀: ẹ gbọ́dọ̀ bó gbogbo ara rẹ̀ láti abẹ́ orí títí dé ìdí, ó sì lè gba ìṣẹ́jú 10 sí 15 lórí iná. Àbúrò mi fi àlùbọ́sà, ata àti irú tí mo fi ránṣẹ́ sí i yí èyí tó ní àwọ̀ ewé náà, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú iṣu, ó ní omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú òun. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí pẹ̀lú ìpayà pé òórùn ìtọ̀ òun ti yí padà. Kò léwu, asparagus ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, á sì lọ fúnra rẹ̀.

Nípa ara yín

Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru ni mo ti ń ṣọ́ iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì 1, èyí tó wà nínú búrẹ́dì àti magí sì wà nínú ìṣirò yẹn. Irú ló ràn mí lọ́wọ́. Ó ń fún ẹ̀fọ́ ní adùn tí ẹ kò fi ní wá iyọ̀ púpọ̀, mi ò sì fi magí sí gbọ̀rọ̀ rárá. Epo ṣíbí 2 yẹn, ẹ má yọ ọ́ kúrò tán nítorí pé ẹ ń ṣọ́ ara; ohun tó ń di fítámì A nínú ewé náà nílò ọ̀rá díẹ̀ kí ara tó lè gbà á. Àmọ́ kò nílò epo ife kan.

Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fi kún ẹ̀fọ́ tó ń jẹ tàbí kó dín in kù, torí fítámì K inú ewé máa ń bá oògùn yẹn jà. Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú náà, kó béèrè ìwọ̀n tirẹ̀.

Èyí tó bá kù

Gbọ̀rọ̀ tí a kò tíì sè, tí fíríìjì kò bá sí tàbí tí wọ́n mú iná lọ, ẹ má dì í sínú ọ̀rá. Ẹ gbé e ní ìdúró sínú abọ́ omi, kí omi bo ìdí rẹ̀ nìkan, kí ẹ fi aṣọ tútù bò ó lórí. Á dúró di ọ̀la. Nínú fíríìjì, tí ẹ fi aṣọ tútù wé e, ọjọ́ 2 sí 3. Tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bó o, kí ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ dà á sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fún omi ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ di í ní ìwọ̀n oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sínú fírísà.

Èyí tí a ti sè, mi ò kì í gbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì bó ṣe wà, torí á dúdú. Mo máa ń fọ́ ẹyin 3 sínú abọ́ láàárọ̀, màá da gbọ̀rọ̀ àná sí i, màá po ó, màá sì dín in pẹ̀lú òróró díẹ̀. Àwọn ọmọ mi máa ń fi í sáàárín búrẹ́dì lọ sí ilé ìwé.